Etí Tó Gbọ́ Irin

Ní Owódé Onírin, ẹni tó bá mọ ohun tó ń rà kì í fi ojú nìkan ra súpíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù. Òòlù kékeré ni wọ́n fi ń bi irin náà léèrè ọ̀rọ̀. Bàbá tó ni ìsọ̀ á fi okùn gbé ewé súpíríǹgì náà kọ́ kó má baà fara kan ilẹ̀, á rọra gbá a lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹni tó dúró á sì panu mọ́. Irin tó pé á dún gan-an-ran, ohùn rẹ̀ á sì máa lọ. Èyí tó ti sán nínú, bó ti wù kí wọ́n kùn ún lọ́dà tó, pàkà ni yóò dún, ohùn rẹ̀ á sì kú síbẹ̀.

Bí etí bá ń ṣiyèméjì, kẹrosíìnì ló kù. Wọ́n á fi ra irin náà lára, wọ́n á fún un láyè kó wọlé, wọ́n á fi àkísà nù ún gbẹ, wọ́n á wá fi ẹfun kùn ún títí tí yóò fi funfun. Kò ní pẹ́ tí kẹrosíìnì tó sá pamọ́ sínú ibi tó sán á fi jáde padà, á sì fa ìlà dúdú tín-ín-rín kan sórí ẹfun náà.

"Ọmọ mi, ṣé o rí i?" ni bàbá á wí. "Ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni ìyẹn ì bá ti dá ọ dúró."

"Mo rí i, bàbá. Ẹ ṣé, sà."

Kò sí ohun tó jọ òkun ní Owódé Onírin. Ọ̀nà Ìkòròdú ló gba iwájú rẹ̀ kọjá, Máìlì 12 kò jìnnà sí i, odò Ògùn sì ń wọ́ lọ sínú ọ̀sà nítòsí ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá ní kí n ṣàlàyé fún òun bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ọjà yìí ni màá kọ́kọ́ mú un lọ. Àyẹ̀wò òòlù yẹn gan-an, àti ti òróró pẹ̀lú ẹfun, wà lára iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi ń ṣe láyé ìgbà náà, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ tó lè wo inú irin fún ẹnikẹ́ni.

Ìbọn ló máa ń wá sọ́kàn ọmọ Èkó bí a bá dárúkọ ọkọ̀ ogun, kò sì yà mí lẹ́nu. Ojú ìbọn la ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Ní December 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn bo Èkó, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi fi ààfin sílẹ̀ tó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ogun yẹn á rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà, HMS Teazer, gúnlẹ̀ sórí iyanrìn nínú ọ̀sà. Ọkọ̀ tó wá dẹ́rù bani wá jókòó kalẹ̀ bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, àwọn ará Èkó sì dojú ìbọn kọ ọ́. Ìbọn kò wọ́n lórí rẹ̀, akin kò sì wọ́n lórí rẹ̀. Ìmọ̀ bí omi ṣe jìn tó ní ibi tó gbà yẹn ló wọ́n.

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ń ṣe, ìjà ló kéré jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ogun ló lo ọdún bíi mélòó kan láìyìnbọn sí ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ọjọ́ kan tí omi iyọ̀ kò jẹ lára irin wọn, kò sí ọjọ́ kan tí wọn kò jó èédú, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ mọ iye okùn, iye ọ̀rá àti iye ìṣó tó kù nínú sítọ̀ọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìwọ̀nyí láìsí àṣìṣe ni mo fẹ́ yìn. Wọn kì í fi àmì ẹ̀yẹ sí i láyà.

Tiwa níbí kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé ìjà ni iṣẹ́ òun. Lagos Marine bẹ̀rẹ̀ ní 1887. Gúúsù ní tirẹ̀ lẹ́yìn náà, Àríwá sì dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1900, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja. Ní 1914, nígbà tí wọ́n pa Gúúsù àti Àríwá pọ̀, wọ́n pa àwọn náà pọ̀ di Nigerian Marine. Iléeṣẹ́ yìí ló ń tọ́jú èbúté, òun ló ń to àmì sójú omi kí ọkọ̀ má baà ṣìnà, òun ló ń gbé lẹ́tà, òun ló ń gbé ṣọ́jà, òun ló ń gbé gómìnà, òun náà ló sì ń tún ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ṣe. Ohun tí NPA, iléeṣẹ́ èbúté, ń ṣe lónìí, ohun tí iléeṣẹ́ ọ̀nà omi inú ilẹ̀ ń ṣe àti ohun tí ọmọ ogun ojú omi ń ṣe, abẹ́ òrùlé kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìyẹn ló fi dára láti wò: kò sí ariwo ogun tó máa bo iṣẹ́ náà mọ́ni lójú.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀sà Èkó. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yẹn, ọkọ̀ ńlá tó ń ti òkèèrè bọ̀ kò lè wọ Èkó. Iyanrìn tí ìgbì ń dà sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ kò jẹ́. Forcados, ní ìhà Niger Delta, ni wọ́n ń já ẹrù sí, kí ọkọ̀ kékeré tó gbé e wá sílé. Èrò tó bá fẹ́ sọ̀ lójú òkun, inú àpótí tó dà bí àga ni yóò jókòó sí, wọn á fi ẹ̀rọ gbé e sókè, wọn á sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń jù sókè jù sílẹ̀. Tòun ti fìlà àti ẹ̀wù oyè, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń sọ̀. Ní 1907 ni ọkọ̀ afayanrìn tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Egerton pè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹnu ọ̀sà náà, nígbà tó sì di 1908 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta sínú òkun láti fi ṣe ògiri tó máa ti iyanrìn sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, ọ̀nà omi náà ń yí padà lábẹ́ wọn. Ibi tó jìn lóṣù yìí lè di èjìká iyanrìn lóṣù tó ń bọ̀.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kò ju òjé kan àti okùn kan lọ. Òjé náà gùn, ìwọ̀n rẹ̀ a máa wà láàárín páùn 7 sí 14. Nídìí rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò kan sí, ọ̀rá ẹran ni wọ́n sì ń fi dí i. Bí òjé bá balẹ̀, ọ̀rá yìí á mú ohun tó wà nísàlẹ̀ bọ̀: iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹrẹ̀ á kùn ún dúdú, ìkarahun á fọ́ sí i lára. Bí òkúta bá ni, ọ̀rá náà á kàn sàmì ni, kò ní mú ohunkóhun bọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ tó mọ̀ pé iyanrìn wúrúwúrú ló wà ní ìhà báyìí, tí ẹrẹ̀ sì wà ní ìhà ọ̀hún, lè mọ ibi tóun wà nínú kùrukùru tí kò rí ilẹ̀ rárá.

Ara okùn náà ni mo kà sí iṣẹ́ ọgbọ́n jù. Níbi tó bá pé ẹsẹ̀ bàtà 12, awọ ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n so mọ́ ọn. Níbi 18, awọ ẹlẹ́nu mẹ́ta. Níbi 30, aṣọ funfun. Níbi 42, aṣọ pupa. Níbi 60, awọ tí wọ́n dá ihò sí láàárín. Ẹni tí kò mọ̀dí á rò pé nítorí àwọ̀ ni wọ́n fi yan funfun àti pupa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Aṣọ òwú pẹlẹbẹ ni funfun, aṣọ àsíá tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni pupa. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí àtùpà kò sí, ẹni tó ń ju òjé á fi ìka wá àmì náà, bí ìka bá ti kú nítorí otútù àti omi, á gbé e kan ètè. Ètè á sọ fún un bóyá òwú ni, bóyá irun àgùntàn ni, bóyá awọ ni. Lẹ́yìn náà á ké iye rẹ̀ sókè kí ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́.

Jíjù rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, kò dúró. Bí o bá sọ òjé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lásán, ọkọ̀ á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, okùn á sì dà gbọọrọ, iye tó o máa kà á pọ̀ ju bí omi ṣe jìn lọ. O sì ti kó ọkọ̀ sórí iyanrìn nìyẹn. Nítorí náà, á fara ti aṣọ tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á máa fi òjé náà jù síwájú sẹ́yìn bíi jàǹgìlọ́fà títí yóò fi ní agbára, á wá jù ú síwájú pátápátá. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa dé ibi tó bọ́ sí, òjé ti balẹ̀, okùn sì dúró ṣánṣán. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ó sì máa ṣe é láìmọye ìgbà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Iye tí ó ké yẹn, ẹnì kan ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ara irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ya àwòrán ọ̀nà omi, àwòrán náà sì ni wọ́n ń tẹ̀ lé láti ṣí àmì ojú omi kúrò níbi kan lọ síbòmíràn. Mo fẹ́ kí ẹ wo bí nǹkan wọ̀nyí ṣe so kọ́ra: ọ̀rá tí akọ̀wé sítọ̀ọ̀ kò bá rà ni kò ní sí nídìí òjé, ìsàlẹ̀ omi tí òjé kò bá mú bọ̀ kò ní sí nínú àwòrán, ọkọ̀ tí àwòrán bá sì ṣì lọ́nà ni yóò gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ẹlẹ́rù nínú rẹ̀. Ọ̀gá tó ń bínú sí akọ̀wé pé ó ń béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ọ̀rá páùn díẹ̀ kò mọ ohun tí à ń pè ní ìṣàkóso.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Lọ́kọ́ja, ìṣòro mìíràn ni. Níbẹ̀, omi fúnra rẹ̀ ló ń wá tó ń lọ. Odò Ọya a máa kún nígbà òjò, yóò sì pọ̀ jù ní nǹkan bíi September àti October. Lẹ́yìn náà á fà. Àmọ́ ní òkè odò, ní ìhà Jẹ́bà, omi kejì a tún máa dé nínú ọ̀gbẹlẹ̀, omi òjò tó ti rọ̀ ní ìlú òkèèrè láti oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn, tó rìn gba Timbuktu kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọkọ̀ tó ní kẹ̀kẹ́ gbàǹgbà lẹ́yìn, tí ìdí wọn kò wọ omi lọ títí, ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀, bí omi bá fà, àwọn náà á jókòó. Nítorí náà, ọ̀gá tó máa bọ́ ṣọ́jà ní òkè odò lóṣù April, láti ìgbà òjò ló ti gbọ́dọ̀ kó iyọ̀, ìrẹsì, páànù àti ọta ìbọn wọn gòkè. Bó bá gbàgbé nǹkan kan, kò sí bí yóò ṣe pariwo tó, odò kò ní dá a lóhùn. Èyí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé iṣẹ́ ìjókòó ni iṣẹ́ ìṣàkóso.

Mo ti sọ nípa èédú. Láti Wales ní Britain ni èyí tó dára jù ti ń wá, ọkọ̀ ló sì ń gbé e wá fún ọkọ̀. Freetown jẹ́ ibùdó ńlá tí ọkọ̀ ogun ti ń kó o. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ilẹ̀ ní Udi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e dé Port Harcourt ní 1916. Ìtura ńlá ni fún ẹni tó ń ṣírò owó. Àmọ́ èédú ilé àti èédú òkèèrè kì í jó bákan náà, ẹni tó ń koná níwájú ààrò gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́: bó ṣe máa tẹ́ ẹ, bó ṣe máa nípọn tó, ìgbà wo ni kó rú u.

Bọ́ílà ni ibi tí ọkọ̀ ti lè pa àwọn tó wà nínú rẹ̀ láìsí ọ̀tá kankan. Omi tí iyọ̀ tàbí ẹrẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, bó bá ti gbóná tó di ooru, á fi ẹ̀gbin rẹ̀ sílẹ̀ lára irin. Ẹ̀gbin náà á dì, á nípọn. Ooru iná kò ní ríbi dé ara omi mọ́, irin tó wà láàárín wọn á pọ́n, á rọ̀, á wú. Lọ́jọ́ kan, á bẹ́. Omi ọ̀sà Èkó tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀: ó máa ń dùn nígbà òjò, ó sì máa ń di omi iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹnjiníà tó bá fi ọ̀rọ̀ July ṣe ti February ti wá ìjàngbọ̀n.

Nítorí náà, wọ́n á pa iná, wọ́n á jẹ́ kó tutù, ẹni tí ara rẹ̀ kéré á gba ihò wọlé. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, àtùpà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìpẹtà ń bọ́ sí i lójú. Á máa fi òòlù ha ẹ̀gbin náà kúrò láìjẹ́ kí ẹnu òòlù dá ọgbẹ́ sára irin. Àwọn ọ̀pá irin kan wà nínú bọ́ílà tó di ògiri kan mú mọ́ èkejì kí agbára ooru má baà fà wọ́n ya. Á kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́, á gbọ́. Gan-an-ran, gan-an-ran, gan-an-ran, pàkà. Èyí tó dún pàkà yẹn ti já nínú, ojú kò sì lè rí i. Á fi ẹfun sàmì sí i. Nínú gbogbo ọkọ̀ náà, láti orí ọ̀gá dé orí alásè, ẹ̀mí gbogbo wọn wà létí ọkùnrin yẹn fún ìṣẹ́jú náà.

Ta ni ọkùnrin náà? Ìwé ìjọba kì í sábà sọ. Orúkọ àwọn ọ̀gá òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ la ìgbì já, àwọn tó ń koná, àwọn tó ń ju òjé, wọ́n kàn ń kà wọ́n lórí ni. Àwọn ará Kru láti Liberia àti Freetown ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹni tó mọ ìgbì òkun tó wọn, síbẹ̀ àwọn ọ̀gá fi ẹ̀fẹ̀ sọ wọ́n lórúkọ: ẹnì kan wà tó jẹ́ pé "Ìgò Bíà" ni wọ́n kọ sínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ẹni tó lè kọ iye ìṣó sílẹ̀ láìṣì, tí kò lè kọ orúkọ ọmọlúàbí.

Ọ̀nà kan wà tí ìṣàkóso fi le ju ìtọ́jú lọ: mímọ ohun tó yẹ kéèyàn jù nù. Bí ọkọ̀ akẹ́rù kan bá kú tí wọ́n fà á dé Owódé, ẹni tó rà á á yí i po, á wò ó, kò ní yára dá onígáàsì tó ń gé irin lóhùn. Ó ti ń pín in lọ́kàn. Gíà rẹ̀ ṣì dára, ẹnì kan á rà á bẹ́ẹ̀. Ṣáásì ti dógùn-ún nídìí, àmọ́ iwájú rẹ̀ le, wọ́n lè gé e fi ṣe tírélà kékeré. Ilẹ̀kùn ti tán, ó di ti àwọn tó ń yọ́ irin ní ìhà Ìkòròdú. Bó bá gé èyí tó yẹ kó tà, ó pàdánù. Bó bá sì ń pa èyí tó ti kú mọ́ pé ọjọ́ kan á wúlò, ìsọ̀ rẹ̀ á kún, owó rẹ̀ á sùn sínú ìpẹtà. Ọjọ́ tó bá dé òye ibẹ̀ ni mo gbà pé ó di ọ̀gá.

Ẹni tó ní irú ojú bẹ́ẹ̀ jù láyé ìgbà náà ni John Fisher, tó di olórí ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ní October 1904. Ọkọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ wọn bí erùpẹ̀, wọ́n fọ́n wọn káàkiri àgbáyé. Púpọ̀ nínú wọn ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè bá ọkọ̀ gidi jà, wọn kò sì yára tó láti sá fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ èédú, ń jẹ ọ̀dà, àwọn atukọ̀ sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń gbowó. Fisher fa ìlà sórí orúkọ ọkọ̀ 154. Wọ́n ta òmíràn fún àwọn tó ń tú irin, wọ́n so òmíràn mọ́lẹ̀. Kì í ṣe owó nìkan ló ń wá, èèyàn ló ń wá. Àwọn atukọ̀ tó bọ́ lórí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ló pín sínú àwọn ọkọ̀ tó dára tí wọ́n ti ń so mọ́ èbúté láìsí atukọ̀ tó tó nínú wọn. Ó fi ìdá méjì nínú márùn-ún iye èèyàn tó yẹ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ tinútẹ̀yìn, kó lè jẹ́ pé bí ogun bá dé, àwọn tó kù á kàn wá bá wọn ni.

Ó gé jù o. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó lè wọ odò àti ẹsẹ̀ odò wá ṣọ̀wọ́n. Ọ̀kan tó bọ́ lọ́wọ́ àdá rẹ̀ ni HMS Dwarf, ọkọ̀ ìbọn kékeré tí wọ́n tì sómi ní 1898, tó wà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí. Ní ọjọ́ 16 September 1914, nínú àwọn odò ilẹ̀ Kamẹrúùnù, ọkọ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Nachtigal sáré wá fi orí kàn án lóru. Nachtigal ló jóná. Dwarf, àlòkù tó yẹ kó ti di irin yíyọ́, padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun mìíràn tí Fisher ṣe tí gbogbo ayé fi hó ni ọkọ̀ Dreadnought. Wọ́n tẹ́ ìdí rẹ̀ ní 2 October 1905, wọ́n tì í sómi ní 10 February 1906, nígbà tó sì di 3 October ọdún náà ó ti ń gba òkun lọ fún ìdánwò. Ọdún kan àti ọjọ́ kan. Kò sẹ́ni tó ti rí irú rẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ sì rò pé agbára àwọn òṣìṣẹ́ Portsmouth ló ṣe é. Wọ́n ṣiṣẹ́ o, wọ́n ṣe ju àkókò lọ. Ṣùgbọ́n ìwé sítọ̀ọ̀ ló ṣẹ́gun. Kí wọ́n tó tẹ́ ìdí ọkọ̀ náà rárá, irin tí wọ́n máa lò ti ń péjọ. Wọ́n dín oríṣiríṣi ìwọ̀n irin pẹlẹbẹ kù, kó má baà jẹ́ pé èèyàn ń wá ẹyọ kan káàkiri. Ìbọn ńlá ló sì máa ń pẹ́ jù láti rọ, nítorí náà wọ́n kó èyí tí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ̀ méjì mìíràn, Lord Nelson àti Agamemnon, wọ́n fi sára Dreadnought, àwọn méjèèjì yẹn sì dúró dè é. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́lé rí lóye èyí: búríkì kì í pẹ́ kí wọ́n tó tò ó, sìmẹ́ńtì tí kò tíì dé ló ń pẹ́.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tó dán iléeṣẹ́ tiwa wò wà ní Duala, ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lábẹ́ Ọ̀gágun Dobell lọ gba ìlú náà lọ́wọ́ Jámánì. Captain Cyril Fuller ló ń darí ti ojú omi. Ọkọ̀ ńlá wà, Cumberland àti Challenger, àmọ́ ọkọ̀ ńlá kò lè wọ ibẹ̀ lásán. Àwọn ará Jámánì ti ri ọkọ̀ tiwọn sínú ọ̀nà omi láti dí i, wọ́n sì ti da bọ́ǹbù sí i. Nigerian Marine ló kó àwọn ọkọ̀ kéékèèké wá: Ivy, ọkọ̀ tí gómìnà fi ń rìnrìn àjò, pẹ̀lú Remus, Porpoise àti àwọn mìíràn. Wọ́n gbé ìbọn sórí ọkọ̀ tí wọn kò ṣe fún ìbọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi lójú ọ̀tá. Òjé, ọ̀rá, okùn, awọ ẹlẹ́nu méjì. Wọ́n wá ibi tí àwọn ọkọ̀ tó rì fi àyè sílẹ̀ sí, wọ́n fi àmì sí i, wọ́n sì mú Challenger gba ibẹ̀ kọjá títí ìbọn rẹ̀ fi lè kan ìlú. Duala juwọ́ sílẹ̀ ní 27 September 1914. Ẹni tó bá kà á nínú ìwé ogun á rò pé ìbọn Challenger ló gba ìlú. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà Nigerian Marine, Herbert Child, kò padà dé láti inú ogun náà. Kì í ṣe ọta ìbọn ló pa á. Ní 1914 yẹn kan náà, ó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré láti lọ wo bí ẹnu odò Nyong ṣe rí, ìgbì dojú ọkọ̀ dé, ó kú sómi. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹnu odò kò ṣíjú ìgbì kan kúrò lára rẹ̀.

Mi ò gbàgbé ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún: ìjọba tó fi ìbọn gba ilẹ̀ wa. Lọ́dún 1894, Nànà Olómù ti Ìtsẹ̀kírì ri igi mọ́lẹ̀ la ẹ̀ka odò já láti dá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró ní Ebrohimi, ó sì ní ọkọ̀ ogun tirẹ̀ tó ń ṣàkóso, pẹ̀lú àwọn awakọ̀, ohun ìjà àti oúnjẹ wọn. Ìbọn ló fi pàdánù, kì í ṣe ètò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ̀wé lórí bí a ṣe ń ṣàkóso ọkọ̀ lójú omi wa, ó yẹ kó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀ nílò àwọn tó mọ omi náà bíi tirẹ̀, wọ́n sì gbà wọ́n síṣẹ́.

Lẹ́yìn ogun, Èkó ń dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Ní 1926, wọ́n parí ibi mẹ́rin tí ọkọ̀ ńlá lè so sí ní Àpápá. Iléeṣẹ́ Marine ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì ń wọlé síbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ní 1955 ni wọ́n wá tú u ká: NPA gba èbúté, iléeṣẹ́ ọ̀nà omi gba odò, nígbà tó sì di 1956, ìyókù di Naval Defence Force, èyí tí òfin 1958 sọ di ọmọ ogun ojú omi gan-an.

Wọ́n ní òyìnbó ló jẹ olórí rẹ̀ ní àkókò yẹn, òótọ́ ni. Ọdún 1964 ni ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ gba ipò náà: Joseph Edet Akinwale Wey, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n sì bí ní Calabar ní 1918. Kì í ṣe ìdí ìbọn ló ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1939 ló wọ Marine láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Wọ́n fi í yí ọkọ̀ ká títí tó fi mọ ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1945, ó sì padà dé ní 1950 gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà kékeré. Nígbà tí wọ́n fi í jẹ olórí, ó ti lo nǹkan bí ọdún 25 nídìí iṣẹ́ ọkọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì.